Bí mo ṣe rí igun ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú páì ṣáàtì oúnjẹ bùkà Àǹtí mi

Àǹtí mi tí wọ́n ń ta oúnjẹ ní Arákalẹ̀ níbí l'Ákúrẹ́ ni wọ́n ní kí n bá àwọn wádìí oúnjẹ táwọn kọ́sítọ́mà fẹ́ jù lọ́sàn-án, torí gáàsì ti wọ́n, ó sì ń dùn wọ́n bí oúnjẹ ṣe ń ṣẹ́kù. Mo ní kò sí wàhálà, màá bi àwọn èèyàn, màá sì yà á ní páì ṣáàtì, ìyẹn àwòrán róbótó tí wọ́n pín bíi kéèkì, kí wọ́n kàn wò ó kó yé wọn. Fọ́múlà ẹ̀, ọ̀pọ̀ wa la mọ̀ ọ́n láti sẹ́kọ́ńdìrì, àmọ́ kí èèyàn tó débi fọ́múlà níṣẹ́ gidi wà.

Ìbéèrè ni mo ń sọ. Odidi kan ni páì ṣáàtì máa ń pín, ẹnì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ bọ́ sójú kan ṣoṣo. William Playfair, ará Scotland tó tẹ irú àwòrán yìí jáde lọ́dún 1801, ilẹ̀ ìjọba Tọ́kì ló fi pín sí ti Éṣíà, ti Yúróòpù àti ti Áfíríkà, ẹ sì rí i pé kò sí bí ilẹ̀ kan ṣe máa wà ní Éṣíà kó tún wà ní Áfíríkà. Tẹ́nì kan bá mú oúnjẹ méjì, tẹ́ ẹ sì fi iye èèyàn pín in, igun yín á kọjá 360, kò ní wọ inú róbótó yẹn láéláé. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń bi wọ́n pé, "Tó bá jẹ́ oúnjẹ kan ṣoṣo la máa sè lọ́la, èwo lẹ fẹ́?" Bàbá kan tí wọ́n ń wa takisí ní, "Iyán ni, àmọ́ púpurú náà dáa o." Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹyọ kan ni." Wọ́n wo ojú ìkòkò, wọ́n wo ojú mi, wọ́n ní, "Ó dáa, kọ iyán, àmọ́ bá mi sọ fún wọn kí wọ́n se púpurú lọ́túnla." Mo kọ iyán. Àwọn kan sì wà tí wọ́n ní èyí tó bá sáà ti ṣetán làwọn máa jẹ, mi ò yọ wọ́n kúrò, mo fún wọn ní àyè tiwọn, torí téèyàn bá yọ wọ́n, ìpín àwọn tó kù á tóbi ju bó ṣe yẹ lọ.

Èèyàn 75 ló dáhùn. Iyán 27, ẹ̀bà 18, púpurú 13, ìrẹsì 11, èyí tó bá ṣetán 6. (Ká ní Òkìtìpupa la ti ṣe é ni, púpurú ì bá ti gba tọwọ́ iyán.) Mo ro gbogbo ẹ̀ pọ̀, ó pé 75, lọ́kàn mi bá balẹ̀.

Ìṣirò ẹ̀ ò le. Róbótó jẹ́ 360 díígírì, mo fi 75 pín in, ó di 4.8, ìyẹn ni pé ẹnì kọ̀ọ̀kan tó jókòó jẹun níbẹ̀ ní 4.8 díígírì. Iyán 27 lọ́nà 4.8 jẹ́ 129.6, ẹ̀bà 86.4, púpurú 62.4, ìrẹsì 52.8, èyí tó bá ṣetán 28.8. Ẹ rò ó pọ̀, 360 ni géérégé.

Ibì kan wà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣọ́ra. Àwọn kan máa ń kọ́kọ́ yí i sí pasẹ́ńtì, wọ́n á sọ ọ́ di odidi nọ́ńbà tó sún mọ́ ọn jù, kí wọ́n tó wá fi 3.6 sọ ọ́ di púpọ̀ (torí pasẹ́ńtì kan jẹ́ díígírì 3.6). Púpurú jẹ́ pasẹ́ńtì 17.33, tẹ́ ẹ bá gé e sí 17, igun ẹ̀ á di 61.2. Ìrẹsì tó jẹ́ 14.67, tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ di 15, á di 54. Àròpọ̀ ẹ̀ ṣì máa jẹ́ 360 o, ìyẹn gan-an ni kì í jẹ́ kéèyàn fura, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti já díígírì kan àti díẹ̀ gbà lọ́wọ́ púpurú fún ìrẹsì. Ẹ fi iye èèyàn ṣe é tààrà, ìparí ni kẹ́ ẹ tó sọ ọ́ di odidi nọ́ńbà: 130, 86, 62, 53, 29.

Ó ku yíyà. Mo fi kọ́ńpáàsì ya róbótó ńlá sórí káádíbọ́ọ̀dù, mo fa ìlà kan láti àárín lọ sókè, mo gbé protractor tí wọ́n fi ń wọn igun lé e kí ojú àárín ẹ̀ bọ́ sórí ibi tí abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì gún gan-an, mo wọn 130 fún iyán. Orí ìlà tuntun yẹn ni mo ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bà, ẹ má padà sórí ìlà àkọ́kọ́. Ìkarùn-ún, mi ò wọ̀n ọ́n kí n tó yà á, ó ti wà níbẹ̀ fúnra ẹ̀, mo kàn fi protractor yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó jẹ́ 29, ó sì jẹ́ bẹ́ẹ̀. Tí tiyín bá fi 3 tàbí 4 yàtọ̀, protractor ti yẹ̀ níbì kan nìyẹn.

Mo kọ iye èèyàn sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, torí Àǹtí ní, "Àbúrò mi, apá ìrẹsì yìí, èèyàn mélòó ni?" Igun náà lè sọ ọ́ fún wọn: ẹ fi 360 pín 52.8, ẹ wá fi 75 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ rí 11. Irú èyí làwọn WAEC máa ń dà bò wá, wọ́n á fún wa nígun, wọ́n á ní ká wá iye èèyàn.

Àǹtí ti wá ní ọbẹ̀ ló kàn báyìí. Èyí, mi ò ní fi páì ṣáàtì ṣe é, torí ẹ̀gúsí àti ẹ̀fọ́ lọ̀pọ̀ wọn máa ń dà pọ̀ sínú abọ́ kan, kò sì yẹ kí n fipá yà wọ́n. Báà ṣáàtì, ìyẹn èyí tí wọ́n ti ń ya òpó kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ni màá yà.