Jẹ́nẹ́rà àbí pírífẹ́ẹ̀tì: bẹ́ ẹ ṣe máa gba ìtọ́jú l'Ékòó láì ta ilẹ̀ bàbá yín

Àǹtí mi kan tó ń gbé ní Mushin ló pè mí ní nǹkan bí aago márùn-ún ìdájí, ara ọmọ ẹ̀ ti ń gbóná látàná, ó ní ṣé kóun gbé e lọ sí jẹ́nẹ́rà, ọsibítù ìjọba, ni àbí pírífẹ́ẹ̀tì, ti aládàáni, tó wà lójúlé kejì sí tiwọn, àwọn yẹn sì ti ní kó mú dípósítì wá ná. Mo ní àǹtí mi, ṣé gìrì ò mú un? Ó ní rárá. Ṣó ń mu omi, ṣó mọ̀ yín, ṣé kì í mí lókèlókè? Ó ní ó tiẹ̀ ń bèèrè bísíkítì. Mo ní ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nu ara ẹ̀, tó bá ti di aago mẹ́jọ kẹ́ ẹ gbé e lọ sí hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà, ilé ìwòsàn alábọ́dé ti ìjọba ládùúgbò yín. Ló bá dákẹ́. "Hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà kẹ̀? Ṣebí abẹ́rẹ́ àjẹsára nìkan ni wọ́n ń gún níbẹ̀."

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti wọ́. Gbogbo èèyàn ló ń jiyàn pé ti gọ́mẹ́ǹtì ò dáa, ti aládàáni ti wọ́n jù, èmi ò bá wọn jiyàn mọ́. Ohun tí mo máa ń bèèrè ni pé irú àìsàn wo rèé, àti pé owó ta la fẹ́ fi tọ́jú ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ti àìsàn ná. Ti ìjọba l'Ékòó, bí àtẹ̀gùn ló rí. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni ilé ìwòsàn alábọ́dé, hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà yẹn náà ni, ibà, ìgbẹ́ gbuuru, ikọ́, oyún tí ò ní wàhálà, ẹ̀jẹ̀ ríru, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á gún ọmọ yín níka, wọ́n á kán ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ báyìí sórí nǹkan pẹlẹbẹ funfun kan, kó tó tó ìdajì wákàtí ẹ ti mọ̀ bóyá ibà ẹ̀fọn ni àbí òun kọ́, dípò kí kẹ́míìsì kan máa da oògùn ibà sí i lára lóṣooṣù. Ẹ̀yìn ìyẹn ló kan jẹ́nẹ́rà: Gbàgádà, Ìsọlọ̀, Randle ní Sùúrùlérè, ti Odan ní Marina tó ti wà níbẹ̀ láti 1893. Òkè téńté ni LUTH n'Ídí-Àràbà àti LASUTH n'Íkẹjà, àwọn ọsibítù ńlá tí wọ́n ti ń kọ́ dókítà níṣẹ́. Àwọn kan tún wà tó jẹ́ pé nǹkan kan ṣoṣo ni wọ́n mọ̀, wọ́n sì mọ̀ ọ́n dáadáa: eegun kán, ẹ lọ sí Ìgbóbì, ọ̀rọ̀ ọpọlọ, Yábàá, ẹ má jẹ́ kójú tì yín. Ẹni tó bá gbé ọ̀fìnkìn lọ sí LUTH, ọjọ́ ẹ̀ ló fi ṣòfò yẹn.

Tẹ́ ẹ bá ń lọ jẹ́nẹ́rà, ẹ tètè jí. Mo gbé màmá mi lọ sí ọ̀kan lọ́dún tó kọjá, aago mẹ́fà kọjá díẹ̀ la débẹ̀, nọ́mbà 41 ni wọ́n fún wa, bẹ́ẹ̀ wọn ò tíì ṣílẹ̀kùn o. Ara páálí bísíkítì tí wọ́n fà ya ni wọ́n kọ nọ́mbà sí, bàbá kan tó ti wà níbẹ̀ láti aago mẹ́rin ló ń pín in, aláìsàn bíi tiwa ni, òun ló fira ẹ̀ jẹ akọ̀wé. Nígbà tí nọ́ọ̀sì dé laago mẹ́jọ, ó ní òun ò mọ nǹkan kan nípa páálí, kí gbogbo wa tò. Aago méjì ọ̀sán la rí dókítà. Àmọ́ kí n má purọ́, dókítà yẹn fara balẹ̀, ó da gbogbo oògùn màmá sórí tábìlì, ó ní mẹ́ta nínú wọn iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe, ó fagi lé méjì. Torí náà, ẹ bèèrè ọjọ́ kílíníìkì dókítà tẹ́ ẹ fẹ́ rí kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, dókítà ojú lọ́jọ́ tiẹ̀, ti ọkàn lọ́jọ́ tiẹ̀. Ẹ lọ ní èèyàn méjì, ẹnì kan á jókòó ti aláìsàn, ẹnì kejì á máa sáré láàárín ibi ìsanwó, láàbù àti fámásì. Ẹ ya fọ́tò gbogbo èsì àyẹ̀wò sórí fóònù, torí fáìlì máa ń sọnù. Tówó bá sì tán lọ́wọ́ yín, ẹ bèèrè ọ́fíìsì wẹ́fíà, àwọn ọsibítù ńlá ní i, àwọn tó wà níbẹ̀, iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n bá ẹni tí ò ní wá ọ̀nà àbáyọ, ọ̀pọ̀ ni ò mọ̀.

Pírífẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Wọ́n á tètè dá yín lóhùn, ẹ́síì ń fẹ́, nọ́ọ̀sì á máa pè yín ní sà àti mà. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà dókítà tó ń wò yín níbẹ̀ nírọ̀lẹ́, jẹ́nẹ́rà ló wà láàárọ̀, ẹ́síì lẹ fowó kún. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ wo ara ògiri bóyá ìwé HEFAMAA wà níbẹ̀, àwọn ni àjọ ìjọba Èkó tó ń fọwọ́ sí ilé ìwòsàn. Ẹ bi wọ́n: ta ni dókítà tó ń sùn síbí lóru? Ṣé ọ́síjìn wà nílẹ̀? Tọ́rọ̀ bá kọjá agbára yín, ibo lẹ máa gbé wa lọ, mọ́tò wo lẹ máa fi gbé wa? Ibi tí wọ́n bá ti bínú sí ìbéèrè yìí, ẹ dìde. Kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n kọ iye gbogbo nǹkan sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyàwó àbúrò mi bímọ síbì kan ní Mainland, nígbà tí bíìlì dé a rí "kọ̀ǹsúmábù" ₦38,000 lọ́tọ̀, mo ní kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n ní òwú ni, gílọ́ọ̀sì ni, síríńjì ni. Wọn ò jẹ́ kí ìyá àti ọmọ lọlé títí a fi san tán, ọjọ́ mẹ́ta gbáko, owó bẹ́ẹ̀dì ọjọ́ mẹ́ta yẹn náà sì tún wọ bíìlì.

Tó bá jẹ́ pàjáwìrì, ẹ má dúró yan ọsibítù, ẹ pe 767 tàbí 112. Òfin ìlera 2014 sọ ọ́ kedere pé ilé ìwòsàn kankan ò gbọ́dọ̀ lé ẹni tó wà nínú pàjáwìrì, ẹni tí ìbọn bá sì bà, òfin 2017 ní kí wọ́n tọ́jú ẹ̀, ìwé ọlọ́pàá wà o, kò sí o, dípósítì wà o, kò sí o. Mo mọ̀ pé ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ẹ ṣì fohùn pẹ̀lẹ́ sọ ọ́ létí wọn.

Ó wá ku owó. Ní Nàìjíríà, nínú gbogbo owó tí à ń ná sórí ìlera, ohun tó ju 70% lọ ló ń jáde látinú àpò aláìsàn fúnra ẹ̀, lọ́jọ́ tára ò le. Òun ló ń sọ ilé di òtòṣì. Ẹ wo Ìlú Ọba, owó orí ni wọ́n fi ń gbọ́ bùkátà NHS, ètò ìlera ìjọba wọn, láti 1948. Jámánì, òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá ló jọ ń dáwó láti 1883, ọsibítù aládàáni sì pọ̀ níbẹ̀. Amẹ́ríkà ń ná nǹkan bí 17% gbogbo ohun tó ń wọlé fún wọn sórí ìlera, nínú àwọn orílẹ̀-èdè olówó kò sẹ́ni tó ń ná tó wọn, síbẹ̀ ará Ìlú Ọba àti Jámánì ń pẹ́ láyé jù wọ́n lọ. Àjọ ni gbogbo ẹ̀ jàre, kówó ti wà nílẹ̀ kára tó kọṣẹ́, ta ló sì mọ àjọ dá tó wa? Ní 2001 àwọn ìjọba Áfíríkà jókòó l'Ábùjá, wọ́n ní 15% bọ́jẹ́ẹ̀tì máa lọ sórí ìlera, nílé tiwa ni wọ́n ti ṣèlérí o, a ò débẹ̀ rí.

L'Ékòó, ILERA EKO, ìnṣọ́ránsì ìlera ti ìjọba Èkó, ni àjọ yẹn ń jẹ́. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ₦8,500 lọ́dún ni fẹ́nì kan, ₦40,000 fún ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́fà, ó ti gbówó lórí báyìí, síbẹ̀ ó lè má tó ohun tẹ́ ẹ máa san nílé ìwòsàn aládàáni lóru ọjọ́ kan péré. Òfin 2022 tiẹ̀ ti ní gbogbo wa gbọ́dọ̀ ní ìnṣọ́ránsì ìlera. Tẹ́ ẹ bá ń lọ forúkọ sílẹ̀, ẹ mú NIN yín dání. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ mú ọsibítù, ti ìjọba àti ti aládàáni ló wà nínú ìwé wọn, ẹ kọ́kọ́ lọ síbẹ̀ láàárọ̀ Mọ́ńdè, kẹ́ ẹ bi àwọn tó jókòó bóyá wọ́n ń fún wọn lóògùn àbí wọ́n kàn ń kọ ọ́ sí bébà pé kí wọ́n lọ rà á. Ẹ bèèrè ohun tí ò sí nínú ẹ̀, kídìnrín, jẹjẹrẹ, iṣẹ́ abẹ ńlá, àti ọjọ́ tí káàdì máa bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́.

Ibà lọmọ àǹtí mi ní lóòótọ́, oògùn ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fún un. Nígbà tí mo ní kó wá forúkọ sílẹ̀, ó ní Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká lò ó. Lánàá ló fi fọ́tò NIN ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, àtàǹpàkò ẹ̀ bo nọ́mbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn. Mo ti ní kó tún un yà.