Bí Mo Ṣe Rán Aṣọ Ìbílẹ̀ Tí Mo Ń Wọ̀ Lọ sí Ibi Iṣẹ́ ní Ìlọrin

Nígbà tí wọ́n gbé mi kúrò ní ẹ̀ka iṣẹ́ wa ní Ọ̀fà wá sí Ìlọrin, mo ṣàkíyèsí pé àwọn ọkùnrin tí a jọ wà ní ọ́fíìsì kì í fi aṣọ ìbílẹ̀ mọ sí ọjọ́ Jímọ̀ nìkan. Láti ọjọ́ Ajé ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń wọ kàfùtáánì àti ṣòkòtò pẹ̀lú fìlà tó bá a mu. Aṣọ òde ni èyí tí èmi ní: gínì tó ń dán, tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ́rẹ́ bo àyà rẹ̀ láti ọrùn dé ìdodo. Ó yẹ ibi ìsọmọlórúkọ, kò yẹ ẹni tó jókòó ti fáìlì. Ìrínisí sì ni ìsọnilọ́jọ̀, pàápàá lọ́dọ̀ ọ̀gá tí kò tíì mọ irú ẹni tí èèyàn jẹ́. Nítorí náà ni mo ṣe pinnu láti rán méjì tí mo lè fi ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́.

Ọjà Ọba, nítòsí ààfin Ẹ́míà, ni mo ti ra aṣọ. Èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Àtíkù ni mo ń wá, ṣùgbọ́n orúkọ yìí kan náà ni wọ́n ń fi pe aṣọ tó jẹ́ òwú gidi àti èyí tó jẹ́ ọ̀rá lásán, ọwọ́ kì í sì í fi gbogbo ìgbà mọ ìyàtọ̀. Mo bẹ Alhaja tó ń tà á pé kí wọ́n bá mi fa fọ́nrán díẹ̀ yọ ní etí aṣọ méjèèjì tí mo ń wò. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Ẹ ò gbà mí gbọ́ nìyẹn,” síbẹ̀ àwọn fúnra wọn ni wọ́n na ìṣáná sí mi. Fọ́nrán àkọ́kọ́ jó bí ìwé, ó rùn bí ìwé, eérú rẹ̀ sì fọ́ yẹ́túyẹ́tú láàárín ìka mi, òwú nìyẹn. Èkejì ká jọ nínú iná, ó yọ́, ó sì di kóró dúdú líle kan tí èékánná kò lè fọ́. Irú èyí kì í fa òógùn mu, ẹni tó bá sì mọ oòrùn Ìlọrin ní oṣù kẹta yóò mọ ìdí tí mo fi dá a padà sórí àtẹ. Lóòótọ́, òwú gidi a máa tètè rún. Ìdí nìyí tí mo fi mú òwú fún ọ̀kan, tí mo sì mú èyí tí wọ́n fi òwú àti ọ̀rá pò pọ̀ fún ìkejì, fún ọjọ́ tí iṣẹ́ bá gbé mi jáde lọ sí ìgboro.

Àwọ̀ gba àròjinlẹ̀ díẹ̀. Nígbà ọyẹ́, eruku a máa hàn gbangba lórí aṣọ dúdú kí èèyàn tó sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ Màrúwà, ọrùn aṣọ funfun a sì máa pọ́n kí ọ̀sán tó pọ́n. Mo mú aláwọ̀ eérú kan àti ọ̀kan tó fara jọ àwọ̀ sányán. Yáàdì 4 ni mo ra nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí pé wọ́n fẹ̀ tó íǹṣì 58; ká ní aṣọ tó fẹ̀ ní íǹṣì 45 ni, yáàdì 5 ni n bá rà.

Kí n tó gbé wọn dé ọ̀dọ̀ aránṣọ, mo rẹ méjèèjì sínú omi di ọjọ́ kejì, mo sì sá wọn sí ibòòji. Òwú a máa súnkì nígbà àkọ́kọ́ tí omi bá kàn án, ó sì sàn kó súnkì nígbà tó ṣì jẹ́ yáàdì ju ìgbà tó ti di apá àti ọrùn lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe fún ọ̀já aṣọ òfì kan tí mo rà lọ́wọ́ ahunṣọ láàárín ìlú. Ìlọrin kúkú ni ìlú aṣọ òfì, mi ò sì lè máa gbé ibẹ̀ kí aṣọ mi má ní àmì rẹ̀ lára. Ọ̀já náà fẹ̀ tó íǹṣì 4. Ẹnu àpò àyà nìkan ni mo fẹ́ kí wọ́n fi sí. Bí a kò bá rẹ ẹ ṣáájú, òfì àti Àtíkù kò ní súnkì bákan náà, ẹnu àpò yóò sì máa ká kò.

Aránṣọ mi jẹ́ àgbà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú ní ìrọ̀lẹ́, Alfa ni gbogbo wa sì ń pè wọ́n. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti rí ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ kọ ìrírí yìí. Wọ́n kọ́kọ́ wọ̀n mí ní ìdúró bí gbogbo aránṣọ ti ń ṣe: èjìká láti orí eegun kan dé èkejì, apá dé ọrùn ọwọ́, àyà pẹ̀lú íǹṣì bíi 4 tí wọ́n fi kún un kí n lè mí, ọrùn pẹ̀lú ìka kan lábẹ́ téèpù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí n jókòó sórí àga, kí n sì na ọwọ́ bí ẹni tó ń kọ̀wé. Apá aṣọ tí mo wọ̀ lọ fà sẹ́yìn títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdajì ọwọ́ mi. Alfa tún un wọ̀n, wọ́n sì fi kún un díẹ̀.

Wọ́n wá tẹ́ ẹní, wọ́n ní, “Ẹ forí kanlẹ̀ kí n wò ó.” Mo kọ́kọ́ rò pé eré ni. Wọ́n ṣàlàyé pé ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú yìí yóò kírun láti ibi iṣẹ́, yóò tún dọ̀bálẹ̀ tàbí kó tẹríba kí àgbàlagbà tó bá wọ ọ́fíìsì wá, aṣọ tí kò bá sì gba ìwọ̀nyẹn yóò ya tàbí kó dójú ti ẹni tó wọ̀ ọ́. Bí mo ti wà ní ìforíkanlẹ̀, wọ́n wọn ẹ̀yìn mi láti ọrùn dé ìdí, wọ́n sì fi kún ìdí ṣòkòtò àti àárín itan rẹ̀. Wọ́n ní kàfùtáánì náà yóò dé orúnkún, wọn yóò sì là á ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì láti ibi tí ọwọ́ mi mọ tí mo bá sọ ọ́ kalẹ̀. Lójú tèmi, èyí tí ọ̀dọ́ ń gé sókè ibàdí yẹn dára nínú fọ́tò. Ẹ ní kí ẹni tó wọ̀ ọ́ gbé fáìlì tó bọ́ sílẹ̀.

Mo sọ fún wọn pé mi ò fẹ́ iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ní àyà, kí wọ́n ṣáà fi gum stay tó dáa, ìyẹn aṣọ líle tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ inú aṣọ kó lè dúró, sí ọrùn àti ẹnu ọwọ́, torí pé ibi méjì yìí ló ń kọ́kọ́ rẹ̀wẹ̀sì lára aṣọ iṣẹ́. Nígbà tí mo lọ wọ̀ ọ́ wò, mo jókòó, mo forí kanlẹ̀, mo sì nawọ́ mú ohun tó wà lókè kọ́bọ́ọ̀dù wọn kí n tó wo dígí rárá. Ojú rírán èjìká wà lórí eegun gẹ́lẹ́. Ẹnu ṣòkòtò kan orí bàtà láìṣẹ́ po. Ọ̀kan nìkan ni ọrùn rẹ̀ fún mi, wọ́n sì tú u níṣojú mi.

Sítáàṣì fẹ́ẹ́rẹ́ ni mo ń fi sí ti òwú, mo sì ń lọ̀ ọ́ láti inú nígbà tó ṣì tutù díẹ̀. Èyí tí ọ̀rá wà nínú rẹ̀ kò fẹ́ sítáàṣì, iná ayọ́ọ̀nù rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ rọlẹ̀ kó má baà máa dán. Fìlà kan náà, aláwọ̀ eérú, bá méjèèjì lọ. Bàtà aláwọ tí kò lókùn ni mo ń wọ̀ sí i, nítorí pé ẹni tí yóò bọ́ bàtà ní ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, tí yóò sì padà sẹ́nu iṣẹ́ lákòókò, kò ní àyè okùn títú.