Bí mo ṣe tún ìtàn nọ́ọ̀sì kan kọ ní ìlà-ìlà

Àwòrán aṣọ àtijọ́ ni mo ń wá kiri, kì í ṣe ìtàn. Inú ẹ̀dà The Australian Women's Weekly kan tó jáde ní 1954 ni mo wà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ni mo bá ṣàdédé bá ìtàn nọ́ọ̀sì kan tó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí ìgbèríko, tí ẹnìkan wá ń kan ilẹ̀kùn rẹ̀ lóru. Bí ọmọbìnrin yìí ṣe nawọ́ sí kọ́kọ́rọ́ báyìí, ojú ewé tán. Wọ́n ní kí n lọ wá ìyókù lẹ́yìn ìwé. Ẹni tó bá dúró de Atọ́ka, ìwé ìròyìn eré oní-fọ́tò Yorùbá, rí á mọ bó ṣe ṣe mí.

Sydney ni ìwé ìròyìn yìí ti bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹfà 1933, kọ́bọ̀ méjì ni wọ́n sì ń tà á. Bẹ́ẹ̀ ni, kọ́bọ̀, tọ́rọ́, sísì àti ṣílè làwọn náà ń ná títí di oṣù kejì 1966. Ìtàn kúkúrú àti ìtàn alápá-púpọ̀ ò wọ́n nínú rẹ̀. Ilé ìkàwé àpapọ̀ Ọsirélíà ti gbé àwọn ẹ̀dà rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ títí di 1982 sórí Trove, ìkànnì rẹ̀ tí wọ́n ń kó ìwé àtijọ́ sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni.

Mo tẹ àkọlé ìtàn náà sínú àpótí ìwákiri, ìbẹ̀rẹ̀ nìkan ló gbé wá. Kò sọ́gbọ́n, mo ń ṣí ojú ewé ẹ̀yìn lọ́kọ̀ọ̀kan. Níwájú, àwòrán ńlá tí wọ́n fọwọ́ yà ló gba ojú ewé: ọkùnrin, obìnrin, ọkọ̀ ojú irin. Lẹ́yìn, òpó ọ̀rọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ni, tí ìpolówó ọṣẹ, tíì àti ẹ̀rọ ìránṣọ há mọ́ra. Ọgbọ́n ọjà ni, mo gbà fún wọn: kó o tó mọ ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn, ọṣẹ mẹ́ta á ti kí ọ.

Nígbà tí mo rí ìyókù, kò ṣeé kà. Ẹ̀rọ ló ń sọ àwòrán ojú ewé di ọ̀rọ̀, ẹ̀rọ ò sì mọ ìtàn. Ó ń pe "the" ní "tbe". Bí "r" àti "n" bá fara kanra, ó sọ wọ́n di "m". Bẹ́ẹ̀ ni "burn", ojú iná tó wà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ṣe di "bum". Obìnrin wá ní ìdí lọ́wọ́! Mo rẹ́rìn-ín títí ọmọ mi fi yọjú wá béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀.

Trove gba ẹnikẹ́ni láyè láti tún irú rẹ̀ ṣe. Mo forúkọ sílẹ̀, mo tẹ "Fix this text", ìlà kọ̀ọ̀kan sì dúró nínú àpótí tirẹ̀, pẹ̀lú àwòrán ojú ewé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ohun tó wà nínú àwòrán ni kẹ́ ẹ tẹ̀, bó ti wà gẹ́lẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti ṣìṣe. Mo rí "gaol", mo ní ẹ̀rọ tún ti ṣe é, mo sọ ọ́ di "jail" níbi mẹ́rin. Nígbà tí mo fẹ àwòrán náà dáadáa, "gaol" ni wọ́n tẹ̀ síbẹ̀ lóòótọ́. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nígbà yẹn nìyẹn. Mo padà lọ dá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sípò.

Ìyà kejì, èmi ni mo fọwọ́ mi fà á. Mo tún nǹkan bí ogójì ìlà ṣe láìtẹ "Save", iná lọ, bátìrì kọ̀ǹpútà mi ò sì tó ìṣẹ́jú kan. Gbogbo rẹ̀ lọ. Látìgbà náà, ìlà mẹ́wàá-mẹ́wàá ni mo ń fi pamọ́.

Alẹ́ mẹ́ta ló gbà mí. Ká sòótọ́, ìtàn náà ò jinlẹ̀, mo ti mọ ẹni tí nọ́ọ̀sì á fẹ́ kó tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ka nǹkan ní lẹ́tà-lẹ́tà ò lè sáré, mo wá rí i pé òǹkọ̀wé náà mọ bí a ṣe ń gé gbólóhùn kúrú bí ẹ̀rù bá dé.

Dókítà ló ń kan ilẹ̀kùn, kẹ́ ẹ má wulẹ̀ wá a lọ. Ní ọ̀sẹ̀ kejì mo padà síbẹ̀, mo rí i pé ẹlòmíràn ti wá tún kọmá kan tí mo fò ṣe.