Bí a ṣe ń fi àyẹ̀wò mọ àrùn leptospirosis lára aláìsàn

Leptospira, kòkòrò àìfojúrí tó ń fa àrùn yìí, máa ń bá ìtọ̀ eku, ajá àti màlúù jáde, àgbàrá òjò a sì gbé e dé ibi tí ẹni tó ní egbò lẹ́sẹ̀ ń gbà kọjá. Orí fífọ́, ara gbígbóná àti ẹran ẹsẹ̀ ríro ni ó sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ó rọrùn láti pè é ní ibà lásán.

Kí a tó fa ẹ̀jẹ̀ rárá, kí a béèrè ọjọ́ tí ara aláìsàn ti bẹ̀rẹ̀ sí gbóná, kí a sì kọ ọ́ sínú ìwé tí yóò bá ẹ̀jẹ̀ náà lọ sí yàrá àyẹ̀wò. Lójú tèmi, kò sí ìlà tó ṣe pàtàkì tó èyí nínú ìwé náà.

Bí àìsàn náà kò bá tíì ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, inú ẹ̀jẹ̀ ni kòkòrò náà wà. Kí a gba ẹ̀jẹ̀ náà sínú ìgò EDTA, èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, fún àyẹ̀wò PCR tó ń wá DNA kòkòrò náà, kí aláìsàn tó lo oògùn apakòkòrò bí ó bá ṣeé ṣe. Láti ọ̀sẹ̀ kejì, kí a gba ìtọ̀ pẹ̀lú, kí a sì tètè gbé e lọ, nítorí ásíìdì inú ìtọ̀ kì í pẹ́ pa kòkòrò náà.

Àyẹ̀wò IgM ń wá ohun tí ara fi ń bá kòkòrò náà jà, èyí tí kì í sábà hàn kí ó tó tó nǹkan bí ọjọ́ karùn-ún. Bí èsì bá ní kò sí nǹkan ní ọjọ́ kẹta, ìyẹn kò fi hàn pé àrùn náà kò sí.

Àyẹ̀wò tí a gbẹ́kẹ̀ lé jù ni MAT (microscopic agglutination test). A ó po omi tó dá lórí ẹ̀jẹ̀ dídì mọ́ oríṣiríṣi leptospira tó wà láàyè, a ó sì fi maikirosíkóòpù wò ó bóyá wọ́n ń lẹ̀ mọ́ra wọn. Níwọ̀n bí yàrá àyẹ̀wò ti ní láti máa tọ́jú àwọn kòkòrò ààyè wọ̀nyí nígbà gbogbo, ibi tí wọ́n ti ń ṣe é kò pọ̀. Ẹ̀jẹ̀ méjì ni a nílò, ìkejì ní nǹkan bí ọjọ́ 10 sí 14 lẹ́yìn ìkíní. Ìwọ̀n tí a ń kọ sílẹ̀ ni bí a ṣe lè là omi ẹ̀jẹ̀ náà tó tí àwọn kòkòrò náà yóò ṣì máa lẹ̀ mọ́ra wọn. Bí ìwọ̀n yìí bá di ìlọ́po mẹ́rin nínú ẹ̀jẹ̀ kejì, bíi láti 1:100 sí 1:400, àrùn náà ti dájú.

Dókítà kì í dúró de èsì yìí kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú. Ṣùgbọ́n kí aláìsàn tó lọ ilé, kí a ti dá ọjọ́ ẹ̀jẹ̀ kejì fún un, nítorí ẹni tí ara rẹ̀ ti yá kì í sábà rántí padà wá.