Láti orí abẹ fẹ́lẹ́ dé orí alábẹ márùn-ún: bí ọrùn yín ò ṣe ní dà bí ẹ̀yìn ọ̀pọ̀lọ́

Ó ti tó ọdún mẹ́tàdínlógún tí mo ti ń fi irin bàbá mi fá irùngbọ̀n, irin tó jẹ́ pé abẹ fẹ́lẹ́ kan ṣoṣo ló wà nínú ẹ̀, tẹ́ ẹ bá yí ìdí ẹ̀ orí ẹ̀ á là sí méjì bí ilẹ̀kùn, ẹ ó gbé abẹ sí i, ẹ ó tún yí i padà, ó ti padé nìyẹn. Ọjọ́ tí mo ń lọ ṣe àgùnbánirọ̀ ni bàbá mi yọ ọ́ fún mi tòun ti búrọ́ọ̀ṣì àti abọ́ ọṣẹ ẹ̀, wọ́n ní kí n má lọ máa fi kílípà ẹlòmíì kó àrùn sójú. Láti ìgbà yẹn, omi gbígbóná, ọṣẹ, búrọ́ọ̀ṣì, abẹ, ó tán. Mi ò wá nǹkan kan kún un.

Ẹrù ló gbé mi dé ìdí ṣéfìn-sítíìkì ìgbàlódé. Àbúrò mi kan ń ṣègbéyàwó ní Ìlú Ọba, báàgì ọwọ́ nìkan ni mo fẹ́ gbé, mo sì mọ̀ pé wọn kì í jẹ́ kéèyàn mú abẹ fẹ́lẹ́ dání wọ bàálù, ì báà ṣì wà nínú páálí ẹ̀. Àmọ́ èyí tí wọ́n ti kì mọ́ inú ike, ìyẹn kátíríìjì, kò sí wàhálà lórí ìyẹn, bó ṣe rí lọ́hùn-ún náà ló rí ní Amẹ́ríkà. Ni mo bá ra alábẹ márùn-ún kan. Mo ní èmi tí mo ti ń lo abẹ látijọ́, kí ló tún kù tí mi ò mọ̀? Mo fi fá irùngbọ̀n bí mo ṣe ń fi irin bàbá mi fá a gẹ́lẹ́: mo fa awọ le, mo fá a wálẹ̀, mo fá a gba ẹ̀gbẹ́, mo wá fá a sókè kó lè kúnná dáadáa. Háà, ó kúnná o! Mo ń fọwọ́ pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ níwájú dígí bí ẹni ń pa orí ọmọ ìkókó. Ọjọ́ kẹta, tó jẹ́ ọjọ́ ìgbéyàwó gan-an, ọrùn mi ti dà bí ẹ̀yìn ọ̀pọ̀lọ́, bùbá aṣọ ẹbí wá ń ha á lọ ha á bọ̀, nínú gbogbo fọ́tò ọjọ́ yẹn ṣe ni mo dorí kodò bí ẹni jẹ gbèsè. Ẹjọ́ sítíìkì kọ́ o, ẹjọ́ ọwọ́ mi ni.

Ohun tó fà á rèé. Irun tiwa ká, kódà látinú awọ ló ti ń ká bọ̀. Abẹ kan ṣoṣo máa ń gé e níbi tó ti yọ jáde, ó parí. Èyí tí abẹ ẹ̀ pọ̀, èyí àkọ́kọ́ á fa irun yẹn sókè díẹ̀, èyí tó tẹ̀lé e á gé e kó tó padà wọlé, èyí tó kù náà á tún gé tiwọn, nígbà tírun bá máa padà sáyè ẹ̀ ó ti wà nísàlẹ̀ awọ, orí ẹ̀ ti mú ṣóńṣó, tó bá wá fẹ́ hù, bó ṣe ká yẹn, inú ẹran ara ló máa gún. Òun ló ń di kókó wẹ́wẹ́ tá à ń pè ní bọ́m̀pù. Nígbà tí King Camp Gillette kọ́kọ́ gbé irin tiẹ̀ jáde lọ́jà ní 1903, ẹyọ 51 péré ló tà lọ́dún yẹn, abẹ kan ló sì wà nínú ẹ̀. 1971 ni ilé-iṣẹ́ ẹ̀ fi abẹ méjì sórí igi kan, ó di mẹ́ta ní 1998 pẹ̀lú Mach3, Fusion sì sọ ọ́ di márùn-ún ní 2006. Kò sí ẹni tó bi irùngbọ̀n wa léèrè.

Torí náà tẹ́ ẹ bá fẹ́ dán an wò, ẹ má ju búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ yín sílẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣì í nìyẹn, wọ́n á ní ó ti ní nǹkan yọ̀rọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan lórí tẹ́lẹ̀, kí ni wọ́n tún ń po ọṣẹ sí. Nǹkan yọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ọṣẹ o, ó kàn ń jẹ́ kí ike ẹ̀ sáré lójú ni. Ẹ wẹ̀ tán kẹ́ ẹ tó fá a, tàbí kẹ́ ẹ ki táwẹ̀lì bọ omi gbígbóná kẹ́ ẹ fi bo àgbọ̀n fún bí ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta, kírun rọ̀, ẹ wá fi búrọ́ọ̀ṣì yí ọṣẹ sí i bí ẹ ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀, kó hó dáadáa. Èyí tẹ́ ẹ ti mọ̀ ọ́n ṣe yìí ló máa gbà yín.

Ọwọ́ ló kù, ọwọ́ ló sì nira jù. Irin àtijọ́ wúwo, ìwúwo ẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́, èèyàn kàn ń darí ẹ̀ ni. Ike fúyẹ́, tó bá ti fúyẹ́ báyìí ọwọ́ á fẹ́ máa tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ẹ dì í mú níbi ìrù ẹ̀ lọ́hùn-ún, pẹ̀lú orí ìka, bí ẹni mú ìyẹ́ adìyẹ tó fẹ́ fi ro etí. Tẹ́ ẹ bá rí i pé èékánná àtàǹpàkò yín ti funfun, ẹ ti ń tẹ̀ ẹ́ nìyẹn.

Ẹ tún rántí pé pẹ̀lú irin, àwa la máa ń wá bó ṣe máa dagun, ó máa ń tó bí ìdá kan nínú mẹ́ta igun tó dúró ṣánṣán, ọrùn ọwọ́ á wá le gbagidi kó má baà yẹ̀. Ti alábẹ púpọ̀, orí ẹ̀ ń mi, ó ń tẹ̀lé bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ṣe lọ ṣe bọ̀. Ẹ gbé orí ẹ̀ lé ojú kó sùn pẹrẹsẹ, kẹ́ ẹ fà á, ó parí. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kí ọwọ́ mi tó gbà pé kò síṣẹ́ fún òun níbẹ̀ mọ́.

Kẹ́ ẹ tó fi ọṣẹ sí i, ẹ fọwọ́ ra irùngbọ̀n ọjọ́ méjì yín kiri. Apá ibi tó bá ti ń yọ̀, ibẹ̀ ni irun kọjú sí, ibi tó bá ti ń ha ọwọ́, ẹ ti ń lòdì sí i nìyẹn. Ẹ má rò pé gbogbo ẹ̀ ló kọjú sílẹ̀ o, lọ́rùn tèmi, apá ọ̀tún ń lọ sílẹ̀, apá òsì lábẹ́ gògóńgò ń dagun lọ síbi etí, mo fá a fún ọdún mẹ́tàdínlógún mi ò mọ̀, torí irin bàbá mi ń dárí jì mí. Alábẹ márùn-ún kì í dárí jini. Ibi tí irun bá kọjú sí ni kẹ́ ẹ fá a sí, ẹ̀ẹ̀kan péré, kẹ́ ẹ sì má fa awọ le rárá, torí tẹ́ ẹ bá fà á le tẹ́ ẹ wá fi í sílẹ̀, awọ á bo orí irun yẹn mọ́lẹ̀, a tún ti padà sídìí ọ̀pọ̀lọ́. Tó bá di ìrọ̀lẹ́ ẹ ó gbọ́ ọ lọ́wọ́ pé ó ń ha díẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé ó máa ń dunni, àwa tá a ti mọ adùn kó kúnná bí ẹyin, àmọ́ ẹ fi í sílẹ̀.

Ẹ fá a ní kúkúrú kúkúrú, tẹ́ ẹ bá ti fà á lẹ́ẹ̀mejì kẹ́ ẹ fọ̀ ọ́, torí irun máa ń há sáàárín àwọn abẹ yẹn, tó bá ti há kò gé mọ́, fífà ló kù tó máa ń fà. Kí omi gba ẹ̀yìn ẹ̀ jáde síwájú. Tí kò bá sí omi ẹ̀rọ, èmi máa ń gbé abọ́ méjì kalẹ̀, mo ń ṣàn án nínú ìkíní, mo ń tún un ṣàn nínú ìkejì. Ẹ má gbá a mọ́ etí abọ́ bí a ṣe ń gbá irin, ẹ má sì fi táwẹ̀lì nu ojú abẹ ẹ̀.

Abẹ́ imú lè fẹ́ dà yín láàmú, torí orí ẹ̀ tóbi, kò ráyè wọbẹ̀. Ọ̀pọ̀ alábẹ márùn-ún ní abẹ kan ṣoṣo lẹ́yìn orí ẹ̀, ẹ dojú ẹ̀ kọ ẹ̀yìn kẹ́ ẹ fi ìyẹn gé abẹ́ imú àti irun ẹ̀gbẹ́ etí. Ibẹ̀ ni ọwọ́ àtijọ́ yín ti wúlò, ẹ dagun ẹ̀ bíi ti irin, kò sóhun tó yàtọ̀.

Ẹ fi omi tútù ṣàn án, ẹ mú álọ́ọ̀mù, èyí tí wọ́n ń fi sómi kó lè tòrò yẹn náà ni, ẹ ki í bọmi kẹ́ ẹ fi ra ojú, ibi tó bá ti ta yín jù, ibẹ̀ lẹ ti tẹ̀ ẹ́ jù, ẹ rántí ẹ̀ lọ́jọ́ mìíì. Èmi ò fi sípíríìtì sí i mọ́. Òrí bíńtín, ó ti tó. Níbẹ̀rẹ̀, ẹ máa fi ọjọ́ méjì mẹ́ta sáàárín kẹ́ ẹ tó tún un fá, kẹ́ ẹ sì pààrọ̀ kátíríìjì lẹ́yìn ìgbà márùn-ún sí méje, mo mọ̀ pé ó wọ́n, owó ẹyọ kan á fẹ́rẹ̀ẹ́ ra odidi páálí abẹ fẹ́lẹ́, àmọ́ abẹ kíkú ló ń bí kókó jù. Ẹ má sì yá ẹnikẹ́ni o, ẹ̀gbọ́n ni àbí àbúrò, ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ni.

Tí bọ́m̀pù bá ṣì yọ lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ sinmi fífá, ẹ jẹ́ kírun hù, ẹ má mú abẹ́rẹ́ wá a kiri nínú awọ. Tó bá ń ṣọyún, ẹ lọ rí dókítà. Ṣéfìn-sítíìkì kan wà tí wọ́n ń pè ní SkinGuard, abẹ méjì ló ní, nǹkan kan wà láàárín wọn tí kì í jẹ́ kí wọ́n rìn mọ́ awọ jù, ẹni tí bọ́m̀pù ń dà láàmú lè fi ìyẹn bẹ̀rẹ̀ dípò alábẹ márùn-ún. Ẹni tí egbò kékeré máa ń di kélóìdì sí lára, ìyẹn àpá tó ń wú sókè, tèmi ni pé kẹ́ ẹ má wulẹ̀ dán an wò, ẹ fi kílípà gé e kó kù díẹ̀.

Èmi ń lò ó báyìí tí mo bá ń rìnrìn àjò, irin bàbá mi ń dúró dè mí nílé. Nǹkan kan ṣoṣo tí mi ò tíì rí ṣe sí i ni ti dídà á nù. Agolo mílíìkì tí mo dá ihò tẹ́ẹ́rẹ́ sí lórí ni mo ń ju abẹ fẹ́lẹ́ tó ti kú sí, ti ọdún mẹ́rin wà nínú ẹ̀ kò tíì kún, kátíríìjì ò gba ihò yẹn wọlé. Bébà ni mo ń wé e sí, mo ń fi sẹlotéèpù dì í gírígírí, torí àwọn tó ń kó ilẹ̀ wa máa ń tọwọ́ bọ inú ọ̀rá.