Sílíkónì ló sọ iná iwájú Corolla mi di kòǹga

Owó tó lè ra táyà tuntun mẹ́rin ni wọ́n pè lé iná iwájú kan ṣoṣo fún mi ní Ládípọ̀. Tòkunbọ̀ ni o, ike ojú rẹ̀ sì ti ń pọ́n. Mo nájà títí, ẹni tó ń tà á ò tiẹ̀ gbójú sókè: "Ọ̀gá mi, LED ni. Kò sí gílóòbù tẹ́ ẹ fẹ́ pààrọ̀ níbẹ̀." Òótọ́ ló sọ, ohun tó sì ń bí mi nínú gan-an nìyẹn. Corolla 2014 ti Amẹ́ríkà ni mo ń wà, LED sì ni iná tí a fi ń rìn lálẹ́ nínú rẹ̀ láti ilé iṣẹ́. Gílóòbù iná gíga, èyí tó ń tàn jìnnà, ṣeé fọwọ́ yọ, àmọ́ LED yẹn ò ṣeé yọ. Bí omi bá ba LED yẹn jẹ́, odindi iná lẹ máa rà, àtike, àti wáyà, àtohun tí kò bà jẹ́ rárá.

Mo dá owó mi padà sápò, mo forí lé Ìbàdàn. Mo ní bó bá jẹ́ omi ni, èmi àti omi náà á jọ yanjú ẹ̀.

Gílóòbù iná gíga apá ọ̀tún ló kọ́kọ́ jó, tí ríwáyà kan bá mi fi òmíràn sí i. Èyí tó fi sí i ò ní rọ́bà róbótó tó máa ń wà ní ìdí ojúlówó, rọ́bà tó ń dí ihò náà pa bí wọ́n bá ti lọ́ ọ wọlé. Òjò oṣù kẹfà dé, àwọn ọmọ tó ń fọ mọ́tò náà sì ń fi omi páǹpù wọn lù ú, ni ike ojú iná bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe kùrukùru láti inú. Mo gbé e padà fún un. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀, màá lẹ̀ ẹ́ pa." Ó fa sílíkónì yọ, ó fi yí gbogbo etí iná náà po, ó fi dí gbogbo ihò tó rí lẹ́yìn ẹ̀, ó gbowó, ó tún ní kí n máa fi òun sínú àdúrà. Kò wo ìdí gílóòbù.

Kò pẹ́ tí kùrukùru fi di omi gidi. Bí mo bá tẹ bíréèkì, mo ń rí i tó ń ṣàn lọ ṣàn bọ̀ nísàlẹ̀ iná.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ríwáyà wa ò kà sí ni pé iná iwájú máa ń mí. Ihò wà lẹ́yìn rẹ̀ tí ilé iṣẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ dá síbẹ̀. Bí iná bá gbóná, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á fẹ̀, á gba ibẹ̀ jáde. Bí òjò bá lù ú tó tutù, á tún fa afẹ́fẹ́ wọlé. Àwọn kan máa ń fi rọ́bà tó tẹ̀ bò ó kí omi má bàa ta síbẹ̀, àwọn mìíràn a lẹ aṣọ pẹlẹbẹ kan mọ́ ọn tó ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kọjá ṣùgbọ́n tí kì í gba omi. Ọ̀nà yẹn ni ọ̀rinrin tó bá wọlé ń bá jáde. LED tún wá mú un le sí i: gílóòbù àtijọ́ máa ń yan ike ojú gbẹ, àmọ́ ẹ̀yìn ni ooru LED ń gbà lọ, iwájú rẹ̀ tutù. Nítorí náà, ìrì díẹ̀ lẹ́yìn òjò kì í ṣe àrùn, bó bá ti ń lọ fúnra ẹ̀. Tèmi ò lè lọ, torí ọ̀gbẹ́ni wa ti dí i nímú, ó sì fi ẹnu tí omi ń gbà wọlé sílẹ̀ gbayawu.

Mi ò ní sọ̀rọ̀ lórí yíyọ báǹpà. Síkírúù ni, kílíìpù ni, díẹ̀ nínú kílíìpù á ṣẹ́, ẹ ra òmíràn sílẹ̀.

Sílíkónì ló fojú mi rí màbo. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n sábà fi ń lẹ ike ojú mọ́ ike dúdú ẹ̀yìn, butyl ni wọ́n ń pè é. Bó bá ti gbóná, á rọ̀, á máa fà bíi ṣingọ́ọ̀mù, ẹ ó kàn rọra máa ya ike méjèèjì síra ni. Sílíkónì tó ti gbẹ kì í gbọ́ irú èdè bẹ́ẹ̀. Ooru tó ń mú butyl rọ̀, ẹ̀rín ló fi ń rín. Mo yọ gílóòbù, rọ́bà àti síkírúù kúrò lára ẹ̀, mo gbé e sínú ófùn ìyàwó mi ní 100°C. Ó dúró lẹ́yìn mi, ó kọ́wọ́ sẹ́yìn: "Bàbá Ìbejì, ṣé inú ófùn tí mo fi ń ṣe kéèkì fáwọn èèyàn lẹ fẹ́ se iná mọ́tò?" Mo ní kó ní sùúrù. Butyl rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n etí kan ò ṣí, sílíkónì ti dì í mú gírígírí. Mo dá a padà sínú ófùn. Ó tún tutù lọ́wọ́ mi, mo tún dá a padà. Òórùn ike gba gbogbo ilé, kéèkì tí wọ́n fẹ́ wá gbé lọ́jọ́ kejì ò ṣeé ṣe mọ́, èmi ni mo sì sanwó ẹ̀.

Mo fi ófùn sílẹ̀, mo mú abẹ. Díẹ̀díẹ̀ ni mo ń gé e, torí bí abẹ bá yọ̀ pẹ́nrẹ́n, àpá á wà lójú iná náà títí ayé. Sílíkónì ọ̀hún ti wọ inú kòtò tóóró tí gọ́ọ̀mù ń jókòó sí, níbi tí abẹ ò dé, mo wá lọ ẹnu síkúrúdíráfà kékeré kan pẹlẹbẹ, mo ń fi ha á. Gbogbo rẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ kúrò, nítorí gọ́ọ̀mù tuntun kì í lẹ̀ mọ́ ibi tí sílíkónì bá kù sí. Ọrùn ń dùn mí, èékánná ń dùn mí, mo ń bú ẹni tí kò sí níbẹ̀. Àmọ́ nígbà tí ike ojú ṣí pẹ́rẹ́, tí eyín rẹ̀ kan ò ṣẹ́, mo pe gbogbo ilé wá wò ó! Àwọn ọmọ wò ó, wọ́n padà sídìí tẹlifíṣọ̀n wọn.

Omi dúdú ló dà jáde. Ẹnu wáyà kan ti ń ṣe àwọ̀ ewé, mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ha á. LED ṣì tàn, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Inú iná tó ń dán bíi dígí yẹn, ẹ má fi aṣọ nù ún, ẹ má fi spírítì pa á. Àwọ̀ alumíníọ̀mù tín-ín-rín ni, ńṣe lá ṣí kúrò. Omi tó mọ́ ni mo dà sí i, mo gbé e síwájú fáànù títí ó fi gbẹ. Ibi kan ti ṣí kí n tó débẹ̀, kò sì ṣeé tún ṣe.

Nígbà tí mo wá butyl lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò, gọ́ọ̀mù gíláàsì iwájú ni wọ́n ń gbé fún mi, wọ́n ní ọ̀kan náà ni. Irọ́ ni. Ìyẹn máa ń le gbagidi, lọ́jọ́ tí ẹ bá tún fẹ́ ṣí iná náà, ike lẹ máa fọ́. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti rí butyl tó wá ní róòlù. Mo tẹ́ ẹ sínú kòtò, mo tún mú ike gbóná, mo tẹ̀ wọ́n pọ̀, mo sì là àwọn ihò ẹ̀yìn padà. Mo ra gílóòbù tó ní rọ́bà nídìí. Kí n tó dá báǹpà padà, mo fi ọṣẹ olómi kun etí rẹ̀ yíká, mo fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i láti ẹ̀yìn. Ọṣẹ ò hó níbì kankan. Òjò tó rọ̀ lẹ́yìn ìyẹn ò fi ẹ̀kán kan sínú ẹ̀.

Bí ẹ bá ń rí omi nínú tiyín, ìdí gílóòbù ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kí ẹnikẹ́ni tó mú sílíkónì débẹ̀. Àwọn kan á ní kí ẹ lu ihò sísàlẹ̀ kí omi máa ro jáde. Eruku lẹ ń pè wọlé yẹn. Àwọn mìíràn á ní kí ẹ ju àpò kékeré tó máa ń wà nínú páálí bàtà síbẹ̀. Á mu omi yó, á sì máa yí kiri níbẹ̀ lásán.

Ríwáyà wa ti gbọ́ pé mo tún un ṣe. Ó ní oníbàárà òun kan ní Venza tí omi wọ iná ẹ̀, èló ni màá gbà? Mo bi í bóyá òun ló fi sílíkónì sí i. Ó rẹ́rìn-ín, ó ń họrí. Òun náà ni.