Ẹ yé fi dátà ṣòfò: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú fífi sọ́fútíwíà sórí Linux tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì

Ẹnìkan tún gbé fláàṣì wá bá mi lọ́sẹ̀ yìí. Fáìlì .deb kan ṣoṣo, irú èyí tí a fi ń gbé ètò wọlé, ló wà nínú rẹ̀. Ó ti tẹ `dpkg -i`, àṣẹ tó ń gbé .deb wọlé, títí ọwọ́ fi ń ro ó, "dependency problems" (ohun tí ètò gbára lé kò pé) náà ló ń rí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti rìn lọ rìn bọ̀ láàárín ẹ̀rọ tó ní íntánẹ́ẹ̀tì àti èyí tí kò ní, dátà rẹ̀ sì ti tán. Inú bí mi, torí ìyà tí kò tọ́ sí i ló ń jẹ. Debian àti Ubuntu, oríṣi Linux méjì, ni mo ń bá wí níbí, àwọn ni mo ń lò lójoojúmọ́.

1. Ẹ má gbé .deb kan ṣoṣo wá. Ètò kan kì í dá rìn lórí Linux: ó ní àwọn tó gbára lé, àwọn yẹn náà sì ní tiwọn. `dpkg` kò ní bá yín wá wọn. `apt-get download` ti apt, irinṣẹ́ tó ń gba ètò láti íntánẹ́ẹ̀tì, náà, èyí tí ẹ bá dárúkọ nìkan ló ń mú wá.

2. Ẹ má gba ti amd64 fún ẹ̀rọ arm64; irú ọpọlọ kọ̀ǹpútà méjì tó yàtọ̀ ni wọ́n. Ẹ tẹ `dpkg --print-architecture` kí ẹ tó kúrò nídìí ẹ̀rọ náà.

3. Ẹ má fojú di ẹ̀dà. Ti Ubuntu 24.04 kì í ṣe ti 22.04, ó wà nínú `/etc/os-release`, ẹ kà á. Èyí ti fìyà jẹ mí rí. Ẹ̀rọ oníbàárà kan wà lórí Debian 10, ètò tí mo gbé wá sì ń béèrè libc6 (àkójọ kóòdù tí ọ̀pọ̀ ètò gbára lé) ti Debian 11. Mo gba libc6 yẹn nìkan, mo fi `--force-depends`, tó ń fojú fo ohun tí ètò gbára lé, tì í wọlé. Láàárín Debian 10 sí 11, wọ́n ti yọ libcrypt.so.1, fáìlì tí a fi ń yẹ ọ̀rọ̀ aṣínà wò, kúrò nínú libc6, wọ́n fi sínú páákéèjì ọ̀tọ̀ tó ń jẹ́ libcrypt1, èmi ò sì gbé ìyẹn wá. Bí libc6 tuntun ṣe wọlé, fáìlì náà pòórá. `sudo` kọ̀, perl kọ̀, kò sẹ́ni tó lè wọlé mọ́. Fláàṣì tí mo fi gbé Debian dìde níta ni mo fi tú libcrypt1 sínú dísìkì rẹ̀ lóru ọjọ́ náà. Láti ìgbà yẹn, bí mo bá rí ẹni tó fẹ́ fipá ti libc6, mo máa ń gba ọwọ́ rẹ̀ mú.

4. Èyí tó ń dùn mí jù nìyí. Ẹ má lọ tẹ `apt-get install --download-only` lórí kọ̀ǹpútà tó ní íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ wá kó ohun tó wà nínú `/var/cache/apt/archives` lọ bí ẹni pé iṣẹ́ ti parí. Ohun tí ẹ̀rọ yẹn fúnra rẹ̀ kò ní nìkan ni apt gbà wá. Èyí tó ti ní tẹ́lẹ̀, kò ní gbà á, bẹ́ẹ̀ ìyẹn gan-an ni ẹ̀rọ kejì lè máa wá. Ẹni tí ebi ń pa la ń bi léèrè ohun tó máa jẹ, a kì í bi ẹni tó ti yó. Orí ẹ̀rọ tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì gan-an ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀:

`apt-get -y --print-uris install gimp > akojo.txt` (gimp kàn jẹ́ àpẹẹrẹ, orúkọ ètò tí ẹ fẹ́ ni kí ẹ fi sí i)

Kò ní gba nǹkan kan wọlé, ó kàn máa kọ ọ́ sílẹ̀ ni. Ẹ ṣí akojo.txt, ẹ ó rí i pé ìlà fáìlì kọ̀ọ̀kan ní àdírẹ́sì, orúkọ fáìlì, bó ṣe tóbi tó àti iye tí a fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Lórí ẹ̀rọ tó ní íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ yọ àdírẹ́sì nìkan:

`grep -o "http[^']*" akojo.txt > adiresi.txt`

Lẹ́yìn náà `wget -i adiresi.txt`, ó tán.

Bí wget bá sọ pé 404 (fáìlì náà kò sí níbẹ̀ mọ́), àkójọ apt tó wà lórí ẹ̀rọ yín ló ti gbó. Wọ́n ti fi ẹ̀dà tuntun rọ́pò ti àtijọ́. Apt-offline, irinṣẹ́ fún ẹ̀rọ tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì, ló dára fún irú èyí: `set` máa kọ ohun tí ẹ̀rọ nílò, `get` máa lọ kó o wá, `install` máa gbé e wọlé, àkójọ tuntun sì wà lára ohun tó lè kó.

Ẹ má sì máa fi `dpkg` ti .deb wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ kó gbogbo wọn sí fódà kan, kí ẹ tẹ `sudo apt install ./*.deb`; apt máa tò wọ́n bó ṣe yẹ.

Ẹ má fa fláàṣì yọ láì ṣe `umount`, àṣẹ tó ń tú u sílẹ̀.

Fáìlì tó bá tó 4 GiB kò lè wọ fláàṣì tí ètò fáìlì rẹ̀ jẹ́ FAT32, ẹ má bá a jà.

Ẹ má pa fódà náà rẹ́ bí iṣẹ́ bá parí. Bí ẹ̀rọ mìíràn bá wà tó ní ẹ̀dà kan náà, ó máa ń wúlò.

Ẹni tó gbé fláàṣì wá yẹn, a jọ tẹ `--print-uris` lórí ẹ̀rọ rẹ̀. Fáìlì 21 ló béèrè.